Oníbàárà tó bọ́ sí ọwọ́ kírẹ́dítì nínú control account: kí la ń ṣe sí i?

Akọ̀wé_Tuntun
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ilé-iṣẹ́ kan ń ta jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ sólà, ó sì ń bá oníbàárà tún wọn ṣe. Control account àwọn onígbèsè rẹ̀ (àkáǹtì kan tó kó àpapọ̀ owó gbogbo oníbàárà jọ) ní 31 December jẹ́ ₦4,860,000 ní ọwọ́ débítì, ìyẹn apá ohun tí wọ́n jẹ wá. Àkójọ orúkọ inú lẹ́jà (ìwé tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ti ní ojú ìwé tirẹ̀) náà jẹ́ iye yẹn gẹ́lẹ́. Àmọ́ àwọn mẹ́rin kan wà nínú àkójọ ọ̀hún tí àmì ìyọkúrò wà níwájú owó wọn, ìyẹn ni pé wọ́n wà ní ọwọ́ kírẹ́dítì, bíi pé àwa la jẹ wọ́n:

A: ₦150,000
B: ₦107,500
C: ₦72,500
D: ₦50,000

Àpapọ̀ wọn jẹ́ ₦380,000. Àwọn yòókù jẹ wá ní ₦5,240,000. Ọ̀gá ní níwọ̀n ìgbà tí ìwé méjèèjì ti bára mu, ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Bí kì í bá ṣe òótọ́, ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀?

ÌyáLẹ́jà
Má fi í sílẹ̀ o. Pé ìwé méjèèjì bára mu kò sọ pé ohun tó wà nínú wọn tọ̀nà. Bí ẹnì kan bá kọ owó Àlàbí sí orúkọ Àlàó, control account ò ní mọ̀ rárá, torí àpapọ̀ ló ń gbà. Àkójọ náà ò ní yí padà, torí ohun tó kúrò lọ́dọ̀ ẹnì kan ló wà lọ́dọ̀ ẹnì kejì.

Oníbàárà tó wà ní ọwọ́ kírẹ́dítì, ọ̀kan nínú méjì ni. Yálà ẹ jẹ ẹ́ lówó tàbí lọ́jà lóòótọ́, tàbí ẹnì kan kọ ohun tí kò yẹ, tàbí kò kọ ohun tó yẹ. Má tíì ṣe journal (ìkọ̀wé àtúnṣe) kankan. Tẹ ojú ìwé lẹ́jà ẹnì kọ̀ọ̀kan jáde láti ìgbà tó jẹ́ òdo gbẹ̀yìn, kí o wá ìlà tó gbé e kọjá òdo. Ìlà yẹn ni kí o wá ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ìlà owó tó wọlé, sítétímẹ́ǹtì báǹkì ni kí o kọ́kọ́ wò, kì í ṣe alert orí fóònù. Ibi tí wàhálà ti pọ̀ jù nìyí: ẹnì kan á kọ owó sílẹ̀ bí alert ṣe dé, ẹlòmíràn á tún kọ ọ́ nígbà tí sítétímẹ́ǹtì bá jáde. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ni báǹkì gbà á, owó báǹkì inú ìwé yín á ju ti sítétímẹ́ǹtì lọ pẹ̀lú iye kan náà. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá jọra báyìí, o ti rí i nìyẹn. Wò ó bóyá báǹkì gba owó náà tó sì tún dá a padà lọ́jọ́ kejì, tẹ́nikẹ́ni ò sì kọ ìdápadà yẹn.

Bó bá jẹ́ pé owó wọlé, tí kò sí ínfọ́ìsì, lọ sí sítọ̀. Ṣé ọjà ti jáde? Ọjà tó jáde pẹ̀lú waybill (ìwé tó ń bá ọjà jáde) ní 29 December, tí wọ́n wá kọ ínfọ́ìsì rẹ̀ ní January, kì í ṣe owó àsansílẹ̀. Títà December ni. Débítì control account, kírẹ́dítì títà àti VAT (owó orí ọjà), báláǹsì náà á sì padà sí òdo fúnra rẹ̀.

Bó bá jẹ́ credit note (ìwé tó ń dín gbèsè oníbàárà kù) ló gbé e kọjá òdo, wò ó bóyá oníbàárà ti sanwó tán kí credit note tó jáde. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ẹ jẹ ẹ́ lówó ni.

Akọ̀wé_Tuntun
Ẹ ṣé gan-an ni, mà. Ohun tó jáde rèé. Oníbàárà A san ₦150,000 sílẹ̀ lórí jẹnẹrétọ̀ kan tó ṣì wà ní sítọ̀. B sanwó tán, ó wá dá bátìrì kan padà. Credit note rẹ̀ jẹ́ ₦100,000 pẹ̀lú VAT ₦7,500. Owó C ₦72,500 wà nínú ìwé lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan péré ni báǹkì gbà á.

D ni kò yé mi. Ínfọ́ìsì iṣẹ́ tí a ṣe fún wọn jẹ́ ₦1,075,000, ₦1,025,000 ni wọ́n san. Ó yẹ kí wọ́n ṣì jẹ wá ní ₦50,000 ni, kò yẹ kó jẹ́ àwa la jẹ wọ́n.

Arówóṣírò
Withholding ni D, ìyẹn owó orí tí oníbàárà ń yọ kó tó san ìyókù fún yín. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra kí n tó rí ìwé. Iye tí wọ́n ń yọ yàtọ̀ bí iṣẹ́ bá ṣe yàtọ̀. 5% ni wọ́n yọ níbí. Wọ́n yọ ọ́ lórí ₦1,000,000, kì í ṣe lórí VAT tó wà lókè rẹ̀. ₦50,000 nìyẹn, ìyẹn ló fi kù sí ₦1,025,000. Bó ṣe yẹ kí ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà rèé:

Débítì báǹkì ₦1,025,000
Débítì withholding tí a máa gbà padà ₦50,000
Kírẹ́dítì control account, àti D nínú lẹ́jà, ₦1,075,000

Ó ti di òdo. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìwé ẹ̀rí withholding á wá dé, akọ̀wé míì á rò pé wọn ò tíì kọ ọ́, á tún débítì withholding, á tún kírẹ́dítì D ní ₦50,000. Ohun tó gbé D kọjá òdo nìyẹn. Ẹ wo àkáǹtì withholding yín. ₦50,000 méjì á wà níbẹ̀ fún ínfọ́ìsì kan ṣoṣo. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pa ìkejì rẹ́: débítì control account àti D, kírẹ́dítì withholding. Ẹ má ṣe é gẹ́gẹ́ bí owó àdápadà o! Wọn ò san kọ́bọ̀ lé e.

Ohun tó ń dènà rẹ̀ ni kí ìwé ẹ̀rí tó dé má ṣe di ìkọ̀wé tuntun mọ́. Ṣe ni kí ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tó ti wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ fetí sílẹ̀ sí èyí náà: àwọn kan ń yọ 5% lórí ₦1,075,000, tó jẹ́ ₦53,750. Oníbàárà bẹ́ẹ̀ á ṣẹ́ ₦3,750 kù ní ọwọ́ débítì, kò sì ní tán títí láé bí ẹ ò bá pè wọ́n kí wọ́n tún ìṣirò ṣe. Bákan náà, àwọn iléeṣẹ́ ìjọba máa ń yọ VAT pẹ̀lú. Irú wọn á san ₦950,000, ₦75,000 á sì lọ sí àkáǹtì VAT yín, kì í ṣe sí ti withholding. Tí ẹ bá da méjèèjì pọ̀ mọ́ra, ẹ ò ní rí ìdí rẹ̀ mọ́.

Ọ̀dítọ̀_Àgbà
Wọ́n ti wí i dáadáa. Ẹ jẹ́ ká wá sí ohun tó kù lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa ti C àti D rẹ́.

Control account á kúrò ní ₦4,860,000, á fi ₦72,500 àti ₦50,000 lé e, á di ₦4,982,500. Nínú àkójọ, àwọn tó jẹ yín ṣì jẹ́ ₦5,240,000, A àti B sì jẹ́ ₦257,500 ní ọwọ́ kírẹ́dítì. Ìyókù jẹ́ ₦4,982,500. Ó bára mu.

Ṣùgbọ́n ₦4,982,500 kọ́ ló ń lọ sínú balance sheet (ìwé ohun ìní àti gbèsè ilé-iṣẹ́). Owó tí A san sílẹ̀ kò dín gbèsè oníbàárà míì kù. IAS 1, ọ̀kan nínú àwọn òfin ìṣirò àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IFRS, sọ ní ìpínrọ̀ 32 pé a kì í fi ohun ìní àti gbèsè pa ara wọn rẹ́ àfi bí òfin IFRS míì bá gbà á. IFRS 18 tó ń rọ́pò rẹ̀ fún ọdún ìṣirò tó bá bẹ̀rẹ̀ láti 1 January 2027 mú òfin kan náà dání. Nítorí náà ₦5,240,000 ló wà lábẹ́ àwọn onígbèsè, ₦257,500 á bọ́ sápá ohun tí ilé-iṣẹ́ jẹ. Ẹ tún pín in sí méjì: ₦150,000 ti A jẹ́ contract liability (gbèsè ọjà tí ẹni kan ti sanwó rẹ̀) lábẹ́ IFRS 15, torí ọjà lẹ jẹ ẹ́, ₦107,500 ti B jẹ́ owó tí ẹ máa san padà, torí kò bá yín béèrè ọjà míì.

Ẹ má kọ ìpínyà yìí sínú control account fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá débítì control account ní ₦257,500 láìfọwọ́ kan lẹ́jà, àkójọ àti control account á ya ara wọn. Ẹ ṣí àkáǹtì kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó jẹ́ ti balance sheet nìkan. Débítì rẹ̀ ₦257,500, kírẹ́dítì owó àsansílẹ̀ ₦150,000 àti owó àdápadà ₦107,500. Ní 1 January, ẹ yí i padà.

Alájọ_Agége
Ẹ̀yin ọ̀dítọ̀ náà sì ni! ₦257,500 nínú ₦5,240,000 kò tó 5%. Ta ló máa wò ó? Mo máa fi sílẹ̀.

Ọ̀dítọ̀_Àgbà
Nínú balance sheet, ó ṣeé ṣe kí n gbà fún yín; iye tó bá kéré sí ìwọ̀n tí a fi ń dájọ́, a lè gbójú fò ó. Inú lẹ́jà ni mi ò ti ní gbà. Oṣù mẹ́rin sí i, ₦257,500 á ti di ₦900,000, kò sì ní sí ẹni tó rántí ohun tí A san owó lé lórí mọ́. Ohun tó tún burú ni pé ₦257,500 lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ₦2,000,000 ní ọwọ́ kan àti ₦1,742,500 ní ọwọ́ kejì. Iye tó kéré kò túmọ̀ sí pé ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kéré.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: àkáǹtì tó wà ní kírẹ́dítì, tí àkáǹtì míì tó ti pẹ́ sì wà ní débítì pẹ̀lú iye tó sún mọ́ ọn, ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹni tó ń gba owó oníbàárà kan sápò, tó wá ń fi owó oníbàárà kejì dí i, irú àmì yẹn ló máa ń fi sílẹ̀. Ẹni tó ń gba owó kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń kọ lẹ́jà.

Akọ̀wé_Tuntun
Ẹ̀yin ọ̀gá, mo ní ìbéèrè kékeré. Báwo ni control account ti December á ṣe rí gan-an pẹ̀lú báláǹsì méjì? Mo mọ bí a ṣe ń ṣe é pẹ̀lú ẹyọ kan.

ÌyáLẹ́jà
Bí ìwé yín ṣe wà ní 31 December nìyí kí ẹ tó tún C àti D ṣe. Mo fi iye tó bójú mu sí àárín rẹ̀, ìwọ fi tìrẹ rọ́pò:

Ọwọ́ débítì
Báláǹsì débítì, 1 December: 4,615,000
Títà àwìn pẹ̀lú VAT: 8,600,000
Owó àdápadà fún oníbàárà: 85,000
Tíráńsífà tí báǹkì dá padà: 120,000
Báláǹsì kírẹ́dítì tó kọjá sí January: 380,000
Àpapọ̀: 13,800,000

Ọwọ́ kírẹ́dítì
Báláǹsì kírẹ́dítì, 1 December: 210,000
Owó tó wọlé: 7,455,000
Credit note: 430,000
Withholding: 190,000
Contra (fífi gbèsè pa gbèsè rẹ́) pẹ̀lú àwọn tí a jẹ ní gbèsè: 175,000
Gbèsè tí a pa rẹ́: 100,000
Báláǹsì débítì tó kọjá sí January: 5,240,000
Àpapọ̀: 13,800,000

Ní 1 January, 5,240,000 á bọ́ sí débítì, 380,000 á bọ́ sí kírẹ́dítì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ akọ̀wé kì í mọ̀ rèé: 380,000 yẹn, o ò lè rí i nínú control account. Àpapọ̀ 4,860,000 nìkan ló lè fún ọ. Àkójọ lẹ́jà ló gbọ́dọ̀ ti wá, kí o sì ti ṣe é kí o tó pa control account dé. Ẹni tó bá wá nọ́ńbà kan tó kàn mú kí ọwọ́ méjèèjì dọ́gba ti fi ara rẹ̀ sínú wàhálà.

Títà tí wọ́n sanwó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kì í wọ ibí. Owó tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún gbèsè tí ẹ ń fura sí náà kì í wọ ibí.

Kọ̀ǹpútà_Ọ̀gá
Fún ẹni tó ń lo Excel, bí báláǹsì bá wà ní ìlà D2 dé D180:

=SUMIF(D2:D180,">0") fún àwọn tó jẹ yín
=SUMIF(D2:D180,"<0") fún àwọn tí ẹ jẹ

Ẹ gbé méjèèjì sí ìsàlẹ̀ àkójọ ní gbogbo ìparí oṣù, ẹ má fi SUM kan ṣoṣo síbẹ̀.

Nínú Sage 50, 1100 ni nọ́ńbà control account bí ẹ kò bá yí i. Owó tí ẹ bá gbà láìtọ́ka sí ínfọ́ìsì á jókòó gẹ́gẹ́ bíi SA nínú àkáǹtì oníbàárà. Èyí tó ti bá ínfọ́ìsì mu jẹ́ SR. Ẹ máa wá SA tó ti pẹ́. Ẹ má ṣe journal tààrà sínú 1100 láé, torí control account á yí, àkáǹtì oníbàárà kò ní yí.

Nínú QuickBooks Online, bí ẹ bá fẹ́ dá owó B padà, ẹ kọ ọ́ bí ìnáwó tàbí ṣẹ́ẹ̀kì, kí ẹ mú àkáǹtì àwọn onígbèsè, kí orúkọ B sì wà lórí ìlà náà. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí ojú ewé ìgbowó B, ẹ so ìnáwó yẹn mọ́ credit note rẹ̀, kí àpapọ̀ jẹ́ òdo. Bí ẹ bá kàn kọ ọ́ sí àkáǹtì ìnáwó, owó ti jáde ní báǹkì, B ṣì wà ní kírẹ́dítì, èrè yín sì ti dín ní ₦107,500 láìnídìí.

Owó tí a kò so mọ́ ínfọ́ìsì tún ń ba ìròyìn ọjọ́ orí gbèsè jẹ́. Ká ní oníbàárà jẹ ₦300,000 fún 120 ọjọ́, ó wá san án lánàá, ẹ kò sì so ó. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ òdo, ṣùgbọ́n ₦300,000 wà lábẹ́ ohun tó ti kọjá 90 ọjọ́, ìyọkúrò ₦300,000 wà lábẹ́ 0 sí 30. Bí ẹ bá ń ya 40% sọ́tọ̀ lórí ohun tó kọjá 90 ọjọ́, ẹ ti fi ₦120,000 sọ́tọ̀ fún gbèsè tí kò sí.

Arówóṣírò
Contra tí Ìyá Lẹ́jà dárúkọ yẹn, ẹ ṣọ́ ọ. Ẹni tó ń ra ọjà lọ́wọ́ yín, tí ẹ sì ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀: báláǹsì tó bá kéré jù nínú méjèèjì ni iye tí contra kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ó jẹ yín ní ₦130,000, ẹ jẹ ẹ́ ní ₦175,000. Contra jẹ́ ₦130,000, ẹ sì san ₦45,000 fún un. Ẹni tó bá fi ₦175,000 ṣe é á ti ṣẹ̀dá kírẹ́dítì ₦45,000 nínú ìwé àwọn onígbèsè. Ẹ gba ìwé àdéhùn lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó ṣe é. Ilé-iṣẹ́ méjì tí ẹnì kan náà ni wọ́n kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kan, kódà bí ọ̀gá wọn bá ní kò sí wàhálà.

Ọmọ_Pẹ́kámù
Fún àwa tó ń ṣe ìwé ní ìlú Ọba: owó àsansílẹ̀ níbí máa ń fa VAT lọ́jọ́ tó wọlé, bí ọjà kò tilẹ̀ tíì kúrò. £600 tí oníbàárà san sílẹ̀ lórí ọjà tí VAT rẹ̀ jẹ́ 20% ní £100 VAT nínú, inú ìṣirò VAT ìgbà yẹn ló sì ń lọ. Bí ẹ bá fi gbogbo £600 jókòó sínú kírẹ́dítì oníbàárà láìkọ ínfọ́ìsì VAT, ẹ ti fi VAT pamọ́. Owó ìdúró lórí ohun àyálò, tí ẹ máa dá padà bí ohun náà bá padà láìbàjẹ́, kò sí nínú èyí.

Ẹ má sì sáré gbé kírẹ́dítì tó ti pẹ́ lọ sínú owó tó wọlé mìíràn. Gbèsè kò kúrò lọ́rùn yín àfi bí ẹ bá san án, bí ẹni náà bá yọ̀ǹda rẹ̀, tàbí bí àkókò òfin bá kọjá. Ọdún 6 ni fún àdéhùn lásán ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 6 náà sì ni ní Èkó. Níbí, bí ẹ bá kọ ìwé tí ẹ fọwọ́ sí pé ẹ jẹ ẹ́, kíkà náà á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Akọ̀wé_Tuntun
Ẹ ṣeun gbogbo yín. Bí control account àti àkójọ kò bá bára mu lóṣù tó ń bọ̀ ńkọ́, ṣé kírẹ́dítì lè jẹ́ ìdí rẹ̀?

ÌyáLẹ́jà
Ó lè jẹ́. Pín ìyàtọ̀ náà sí méjì kí o tó ṣe ohunkóhun. Bó bá jẹ́ ₦90,000, wá báláǹsì ₦45,000 tó yẹ kó wà ní kírẹ́dítì, tí ẹni tó to àkójọ kọ gẹ́gẹ́ bíi débítì. Ó yẹ kó yọ ₦45,000, ó fi ₦45,000 kún un, ló fi di ìlọ́po méjì. Bí kò bá sí irú rẹ̀, tún àpapọ̀ ìwé títà ṣírò, torí àṣìṣe níbẹ̀ ń kan control account nìkan.

Ní ti B, kí ẹ tó dá ₦107,500 rẹ̀ padà, ẹ gba ìwé ìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí owó náà sì padà sí àkáǹtì báǹkì tó ti wá. Bó bá ní kí ẹ san án sí nọ́ńbà míì, ẹ fi nọ́ńbà fóònù tó wà nínú fáìlì yín pè é, kì í ṣe èyí tó wà nínú ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Ẹni tó kọ credit note náà kọ́ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.